Ọdún tí Bàámi di àtúnbí

Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni mo fi oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ọdún yìí ṣe, mi ò ní èsì. Ó dájú pé mo lọ síbi iṣẹ́, torí owó oṣù wọlé. Ìyókù ti pòórá. Lójú tèmi, inú oṣù kẹta lọ́dún yìí bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí Bàámi pè mí lórí fóònù tí wọ́n ní, "Mo ti fayé mi fún Jésù. Má pariwo. Má sì tíì sọ fún ìyá rẹ, èmi ni màá sọ fún un."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ Bàámi. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè tètè jáde, iye ìgbà tí oníwàásù bá sì ṣìwí ni wọ́n máa ń rò fún wa tá a bá délé. Ẹ sì mọ̀ pé wọn ò bá wa dé òpin ọdún yìí. Mi ò ní tún ibẹ̀ sọ lónìí.

Ohun tí wọ́n ṣe láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rí tó ń dán ni mo ń retí: omijé, orin, bóyá ká dójú bolẹ̀ díẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí n lọ mú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sí wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fà á ya ni, mo ti la ẹnu láti ké halelúyà. Wọ́n ní kí n ṣí i sí ẹ̀yìn, níbi tí kò sí nǹkan kan, kí n kọ orúkọ àwọn tí àwọn fúnra wọn jẹ. Kì í ṣe owó nìkan o. Ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ gbàdúrà. Wọ́n ní, "Ìṣirò ni Sakéu ṣe."

Mo lọ yẹ Lúùkù orí 19 wò. Òótọ́ ni. Sakéu dìde dúró, ó ní ìdajì ohun ìní òun di ti tálákà, ẹni tí òun bá sì rẹ́ jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Jésù ní ìgbàlà wọ ilé náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Bàámi ti di àtúnbí látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún wọn ní ọmọ ọwọ́, pé ohun tí Jésù pè ní omi àti Ẹ̀mí nìyẹn. Ọkọ wọn ní bí èèyàn kò bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ara lásán ló tutù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan táwọn ìjọ ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì sì fẹ́ parí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Bàámi ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá àwọn wá nọ́ńbà fóònù ẹni kẹrin inú ìwé.

Ìbínú Bàámi ńkọ́? Kò lọ. Ẹni tó bá ní ó lọ kò bá wọn gbélé. Àmọ́ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bínú sí ọ, o lè lo odindi sáà kan láìgbọ́ ohùn wọn. Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí n ṣètò fóònù àwọn kó máa dún nírọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, bí Éfésù orí 4 ṣe wí. Bó bá ti dún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Ìgbà mìíràn, ẹni tí wọ́n pè kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bínú sí òun. Èmi tí mo lè dárúkọ ọjọ́ àti wákàtí tí mo gba Jésù, tí mo tún ń kọ́ kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́, mi ò ní irú agogo bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò sì mọ̀. Ẹ má sọ fún wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ti jágbe mọ́ Màámi, wọ́n wá ní bóyá irọ́ ni àtúnbí àwọn. Mo sọ ìtàn John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, fún wọn. Ó ti di àlùfáà látọdún 1728, kó tó di pé ọkàn rẹ̀ móoru lọ́nà àrà ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1738. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1739, ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun kì í ṣe Kristẹni. Ẹ̀rín pa Bàámi. "Àlùfáà! Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá!" Wọ́n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Nikodémù ti ń yí lọ́kàn mi. A mọ òru tó wá bá Jésù ní Jòhánù orí 3. Ní orí 7, ó la ẹnu láàárín àwọn Farisí pé òfin kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìkọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní orí 19, ó gbé òjíá àti álóè tó wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wá fún ìsìnkú Jésù. Jòhánù kò sọ ọjọ́ tí wọ́n tún un bí fún wa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la rí, àti bí ẹ̀rù ṣe ń dín kù lára rẹ̀. Ó tó mi. Ibi ìsìnkú yẹn ni mo máa ń dúró sí tí mo bá ń kà á lọ́dún yìí, mi ò kì í parí rẹ̀. Wọ́n ní kò sí àríyànjiyàn níbi tí Bàámi wà báyìí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ráyè mú un mọ́ra níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ fún àwọn oṣù náà. Màámi ní nínú gbogbo ọdún ìgbéyàwó àwọn, àwọn oṣù yẹn nìkan ni àwọn gbọ́ "jọ̀ọ́, má bínú" láìsí "àmọ́" lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ kan ló kù tá ò tíì fagi lé, ti Bàbá Kékeré, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n wá síbi ìsìnkú, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n lọ. Mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, wọn ò gbé e. Lálẹ́ àná ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wọlé: "Mo rí ìpè rẹ. Ta ló tún kú?" Mo ní kò sẹ́nì kankan, ma, ẹ forí jì mí, sà, iṣẹ́ kan ni Bàámi fi rán mi. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n tún pe àwọn tí ọdún tuntun bá ti wọlé.