"Ẹ lọ parí ẹ̀ nílé"
Mo tẹ̀lé ará àdúgbò wa kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ẹ̀ wú, ètè ẹ̀ ya, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ò tiẹ̀ mú bírò. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Màdámù, kí lẹ ṣe fún ọkọ yín?" Ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ lọ parí ẹ̀ nílé. Ó tún ní kó lọ pe ọkọ ẹ̀ wá. Ẹni tó ń sá fún o!

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, láti 2007 ni Èkó ti ní òfin tó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé. Kọ́ọ̀tù lè pàṣẹ kí ọkùnrin yẹn má sún mọ́ ọn mọ́."

"Ṣé lọ́yà ni yín ni?"

Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin ọlọ́pàá kan tó jáde látinú. Ó mú un wọ yàrá, ó rọra bi í léèrè, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ó fún un ní lẹ́tà ọsibítù. Ó ní wọ́n ti dá àwọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ẹ̀. Àgọ́ kan náà, òfin kan náà!

Ìjọba, àwọn tó wà ní káńtà gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́, kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Ẹ má sì yọ àwọn adájọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó máa ń ní kí obìnrin tí wọ́n lù lálùbolẹ̀ lọ ní sùúrù.