Ráàkẹ́ẹ̀tì tó ju ọwọ́ mi lọ

Ẹ wá wo ẹni ọdún 43 tó ní òun fẹ́ kọ́ tẹ́níìsì! Ráàkẹ́ẹ̀tì tí mo fowó gidi rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí pé ó dúdú, ó ń dán bíi ti àwọn tí mò ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ni mo gbé lọ sí pápá láàárọ̀ yìí. Kò pé ìṣẹ́jú 20 tí ìgúnpá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Kóòṣì gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i wò, ló bá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, gíráàmù 320 rèé o, ó ti wúwo jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ rà á?"

Èmi náà ni. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ó na tirẹ̀ sí mi: gíráàmù 275, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa. Ó ní kí n di èkù rẹ̀ mú, kí n wá ki ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì bọ àlàfo àárín orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́. Ó wọlé géérégé, ìyẹn ni pé èkù náà bá ọwọ́ mi mu. Ti èyí tí mo rà, ìka méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, èkù rẹ̀ ti tóbi jù fún mi! Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo fi tirẹ̀ gbá fo nẹ́ẹ̀tì, ó sì bọ́ sínú ìlà. Ẹ ò rí ariwo tí mo pa.

Ìyàwó mi ti ní kí n gbé tèmi kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ṣé irú èyí ti ṣe yín rí?