Precision tàbí Jazz: Gìtá béèsì tí mo fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Nínú gbogbo ẹrù tí àwọn ará ilé máa ń ní kí àwa tí a wà ní ìlú òkèèrè bá àwọn rà bọ̀, kò sí èyí tí mo máa ń fara balẹ̀ rò tó ohun èlò orin. Bàtà tó bá fún ẹnì kan lẹ́sẹ̀ yóò rí ẹlòmíràn tí yóò wọ̀ ọ́ nínú ẹbí, fóònù tí kò bá wu ẹ̀gbọ́n lè wu àbúrò, ṣùgbọ́n gìtá tí kò bá bá ọwọ́ ẹni tí ń ta á mu, tàbí tí kò bá ilé tí wọ́n ti ń ta á mu, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò fìdí kalẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ nípa gìtá béèsì méjì, Precision àti Jazz, tí mo kó wá sí Abẹ́òkúta ní àsìkò Kérésìmesì tó kọjá, kí àbúrò mi obìnrin, ẹni tí ń ta béèsì fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lójú ọ̀nà Ọbáńtokò, lè mú ọ̀kan nínú wọn, kí n sì gbé èkejì padà.

Manchester ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ra méjèèjì ní àlòkù. Ọ̀kan ti gba ojú omi lọ ṣáájú pẹ̀lú ẹrù mìíràn, mo sì gbé èkejì wọ ọkọ̀ òfurufú. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ kí àròpọ̀ gígùn, ìbú àti gíga ẹrù kan ju sẹ̀ńtímítà 158 lọ, bẹ́ẹ̀ béèsì nìkan ti gùn tó nǹkan bí 117 kí a tó fi í sínú àpótí.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni àwọn béèsì méjèèjì yìí ti ṣẹ̀ wá. Leo Fender, ará California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló gbé Precision Bass jáde ní ọdún 1951, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta béèsì ṣì ń gbé béèsì onígi gàgàrà káàkiri, èyí tí kò ní fret (àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá) lọ́rùn, tí ìka sì ní láti máa wá ibi tí ohùn wà fúnra rẹ̀. Ní 1957 ni wọ́n pín pickup Precision, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn ránṣẹ́ sí áńpù, sí méjì, ìdajì fún okùn méjì tó nípọn jù, E àti A, ìdajì fún D àti G tó tín-ín-rín jù, bẹ́ẹ̀ ló sì wà di òní. Jazz Bass tẹ̀ lé e ní 1960, pẹ̀lú pickup gbọọrọ méjì, ọ̀kan súnmọ́ ọrùn, èkejì súnmọ́ ìdí gìtá níbi tí a so okùn mọ́. Squier, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Fender ń fi sára àwọn gìtá rẹ̀ tí owó wọn mọ níwọ̀n, ló wà lára tèmi méjèèjì. Okùn mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ìnṣì 34 ni okùn náà sì gùn láti orí ọrùn dé ìdí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ìdí tí n kò fi ra olókùn márùn-ún, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé fẹ́ràn lónìí. Okùn E ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn B tí wọ́n fi kún un sì ń lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 31, ìwọ̀n tí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa kò lè gbé jáde kó dùn ún gbọ́. Púpọ̀ nínú irú gìtá bẹ́ẹ̀ tún ń lo bátìrì tó máa ń tètè tán bí a bá ń gbàgbé wáyà sí i lára. Owó tí a ó fi ra ohùn tí ìjọ kò ní gbọ́, ó sàn kí a fi ra okùn tuntun.

Nínú yàrá mi ní Manchester, Jazz ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ mú. Fólúùmù méjì ló ní, ọ̀kan fún pickup kọ̀ọ̀kan, àti bọ́tìnì kan tí a fi ń ṣe ohùn ní líle tàbí ní rírọ̀. Bí mo bá dín ti iwájú, èyí tó súnmọ́ ọrùn, kù, ohùn rẹ̀ á le, á sì já gaara, irú èyí tí Jaco Pastorius, ará Amẹ́ríkà tí ń ta béèsì, fi jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé béèsì lè bọ́ síwájú ẹgbẹ́ kó sì kọrin. Fólúùmù kan àti bọ́tìnì ohùn kan ni Precision ní, ó parí. Ohùn rẹ̀ ki láàárín, bí ènìyàn bá sì ń dá a ta, kì í fi bẹ́ẹ̀ fani mọ́ra. Síbẹ̀, òun ni James Jamerson lò, ẹni tí béèsì rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ orin tí Motown, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, ṣe ní Detroit ní àwọn ọdún 1960, ìka ìfábẹ̀là nìkan ló sì fi máa ń ta á.

Ṣùgbọ́n yàrá tí ẹnì kan jókòó sí, tó fi hẹ́dìfóònù bo etí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé búlọ́ọ̀kù ni tiwa, páànù ló wà lórí rẹ̀, táìlì ló wà nílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń lu dùrọ́ọ̀mù, kóńgà àti gángan kì í sì í rọra lù ú nígbà tí orin ìyìn bá gbóná. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n ń ṣe ìgbáradì, iná lọ, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri. Àbúrò mi fi Jazz sí áńpù. Nígbà tí fólúùmù méjèèjì wà lókè pátápátá, sípíkà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó wá rọra ń yí ti iwájú sílẹ̀ láti wá ohùn líle tí mo ti ń yìn fún un lórí fóònù, bó sì ti ń yí i ni ariwo kan ń ga bọ̀ láti inú sípíkà, hùùùù, títí tó fi jẹ́ pé nígbà tí olórí akọrin bẹ̀rẹ̀ àdúrà, a ń gbọ́ ọ lábẹ́ àdúrà náà. Ó yí ara díẹ̀ sí apá òsì, ariwo náà dínkù. Ó kọjú sí gílóòbù gbọọrọ tó wà lára ògiri, ó tún pọ̀ sí i. Ó yọ wáyà, ó fi Precision sí i, ó sì yí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n kò sí hùùù kankan.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Wáyà tín-ín-rín tí a wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà yí irin òòfà ká ni pickup jẹ́. Bí okùn bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, iná kékeré á gba inú wáyà náà lọ sí áńpù. Àmọ́ wáyà yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn gìtá àti iná tó ń ṣàn nínú ògiri, nínú gílóòbù àti nínú jẹnẹrétọ̀, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Nínú Precision, wọ́n wé ìdajì kan ní òdìkejì bí wọ́n ṣe wé èkejì, wọ́n sì yí ojú òòfà rẹ̀ padà, nítorí náà ariwo tí ìdajì kan bá gbà, èkejì á pa á rẹ́, ohùn okùn kò sì ní dínkù. Jazz náà ní ètò yìí láàárín pickup rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìgbà tí méjèèjì bá wà ní ìwọ̀n kan náà ni ètò náà ń ṣiṣẹ́ tán. Ìyẹn ni pé ibi tí ẹwà Jazz wà gan-an ni ariwo rẹ̀ wà. Ní ilé mi, ariwo náà kì í pọ̀ débi tí yóò dí mi lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ọ̀rọ̀ ariwo nìkan kò tó láti fi yan gìtá. Mo fẹ́ mọ bí wọn yóò ṣe bá ìlù gbé, nítorí orin Yorùbá kì í ṣe èyí tí béèsì lè máa rìn bó ti wù ú lábẹ́ rẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ń sọ ibi tí orin yóò gbà. Bí àwọn akọrin bá sọ̀ kalẹ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, tí béèsì sì sáré gòkè, etí àwọn àgbà yóò mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ṣe é. Fela, tí a bí sí Abẹ́òkúta yìí ní 1938, fi hàn wá bí sùúrù béèsì ṣe níyì tó: nínú orin rẹ̀, béèsì lè di gbólóhùn kan ṣoṣo mú, kó máa tún un sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn fèrè máa wọlé kí wọ́n máa jáde lórí rẹ̀. Irú béèsì bẹ́ẹ̀ kò wá ẹwà ara rẹ̀. Ohun tó ń wá ni kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ibi tí ẹsẹ̀ wà.

Mo rìn lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí àwọn amójútó èrò máa ń wà, nítorí ẹni tó dúró síwájú áńpù kò lè mọ ohun tí ìjọ ń gbọ́. Bí Jazz ti ń dún pẹ̀lú fólúùmù méjèèjì lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dún gbùù-gbùù láàárín ògiri mẹ́rin, àárín ohùn rẹ̀ sì ń sá pamọ́ sẹ́yìn kóńgà àti ọwọ́ òsì ẹni tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó fi Precision ta orin kan náà, mo mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yí fólúùmù áńpù sílẹ̀. Gángan rí àyè sọ̀rọ̀. Olórí akọrin kò mọ orúkọ èyíkéyìí nínú àwọn gìtá náà, ṣùgbọ́n ó yíjú padà ó ní, “Èyí tí ẹ gbé sọ́rùn báyìí ni kí ẹ máa lò.”

Ibi tí Jazz ti borí ni ọrùn. Ní orí ọrùn, mílímítà 38 ni ìbú tirẹ̀, ti Precision mi sì tó 42, bẹ́ẹ̀ ìka àbúrò mi kò gùn. “Bọ̀dá mi, Jazz yìí ló ń gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́,” ló wí, n kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, nítorí kì í ṣe ọwọ́ tèmi ni yóò máa ta á lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo bá ya téèpù ìránṣọ ìyá wa, a sì jọ wọn ọrùn méjèèjì. Àyè tó wà ṣáájú fret kìíní fẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 48. Àyè fret karùn-ún kò ju 38 tàbí díẹ̀ lé lọ, ìwọ̀n náà sì dọ́gba lára gìtá méjèèjì, nítorí gígùn okùn wọn kò yàtọ̀. Nína ìka lójú gígùn ọrùn ló ń rẹ̀ ẹ́ jù, Jazz kò sì lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Mo fi hàn án pé púpọ̀ nínú àwọn ohùn tó ń wá lókè ọrùn wà lórí okùn tó nípọn jù ú lọ ní àgbègbè fret karùn-ún, pé ohùn ibẹ̀ tún ki ju ti òkè lọ, mo sì fa bẹ́líìtì gìtá náà kúrú kí ọrùn rẹ̀ lè súnmọ́ èjìká rẹ̀.

Ó fi Jazz sin ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó fi Precision ṣe àìsùn ọdún tuntun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ máa gbé Jazz lọ. Ọwọ́ mi yóò mọ́ èyí lára.” Èmi náà ìbá yàn bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ọrùn Precision ti tẹ̀ díẹ̀ nígbà tó dé. Láti inú ilé tí a fi ẹ̀rọ mú gbóná ní Manchester ló ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, láti ibẹ̀ sínú ọyẹ́ Abẹ́òkúta, igi kì í sì í ṣe òkúta: ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń gbẹ bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. A tẹ okùn E mọ́ fret kìíní àti fret ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà, a wo àlàfo tó wà lábẹ́ okùn náà ní fret kẹjọ, èyí tí kò yẹ kó fi púpọ̀ ju nínípọn káàdì lọ, a sì fi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà fún ọ̀pá irin inú ọrùn náà ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan ṣoṣo kí a tó tún un wò lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ àbúrò mi ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, nítorí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò tún nílò rẹ̀.

Ohun kan wà tí gìtá kankan kò lè ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ẹni tó mú okùn béèsì dání bá fẹnu kan gbohùngbohùn, tí iná sì ta á ní ètè, a jẹ́ pé wáyà tó yẹ kó wọ ilẹ̀ kò sí nínú ilé náà, tàbí pé ẹnì kan ti gé irin kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì áńpù kí ó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́, mo sì fi púlọ́ọ̀gì tí wọ́n gé hàn wọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí ni. Wọ́n ti gbà láti pe oníṣẹ́ iná kó wá ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kó sì yí púlọ́ọ̀gì náà padà, kí wọ́n tó ná owó sórí sípíkà tuntun. Okùn béèsì ni èmi yóò fi sínú ẹrù tó ń bọ̀.