"Gáàsì ló tán"

"Bọ̀dá, gáàsì ló tán nínú AC ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rọ òmíràn sí i, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ lé yín jáde."

Ohun tí ọkùnrin tó ta bọ́ọ̀sì akẹ́rù mi àkọ́kọ́ fún mi sọ nìyẹn. Mo gbà á gbọ́, mo kówó sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ẹrù kéékèèké kiri láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó lè tó ẹnu ọ̀nà 40 tí n ó dúró sí lóòjọ́. Mo rọ gáàsì, ó tutù fún ọ̀sẹ̀ 3. Mo tún rọ ọ́, kò pé ọjọ́ 10 tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru sí mi lójú.

Ìgbà tí mo wá rí ẹni tó mọṣẹ́, kò tiẹ̀ dá gáàsì lóhùn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn gíríìlì, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ibi tí páìpù ti wọ condenser, ìyẹn ibi tí AC ti ń tu ooru dànù, ti dúdú, ó ń dán, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́típẹ́tí. "Òróró compressor, inú gáàsì ló ń bá rìn," ó ní. "Ibi tí gáàsì bá gbà jáde, òróró á fi ipasẹ̀ sílẹ̀."

Èmi tí mo rò pé gáàsì AC dà bí epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó! Kò sóhun tó ń jó o. Inú páìpù tí wọ́n dé pa ló ti ń yí po: compressor á fún un pọ̀ títí á fi gbóná, á tu ooru yẹn dànù ní condenser tó wà níwájú rádíétọ̀, á gba ojú ihò tóóró kan wọ evaporator lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló ti ń fa ooru inú mótò mọ́ra. Díẹ̀ lè máa yọ́ jáde lára rọ́bà bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìyẹn ò burú. Èyí tó bá tán pátá, ó ń jò ni.

Nígbà tí mo fẹ́ ra ìkejì, mo mú tọ́ọ̀ṣì dání, mo mú tẹmómítà náà. Ìyàwó mi ní mo ti ń ṣe bíi mẹkáníìkì. Òógùn ló kọ́ mi.

Mo bá ẹ́ńjìnnì ní títàn, AC ti ń fẹ́ kí n tó dé. Mo ní kí wọ́n pa á ná. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì ni mo kọ́kọ́ wò, torí mo ti rí mótò kan rí tí wọ́n fi bẹ́líìtì kúkúrú sí, tó fo compressor kọjá. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì AC mótò yẹn, iná rẹ̀ á tàn dáadáa. Compressor ní tiẹ̀ kàn jókòó síbẹ̀ bí ère.

Mo ka sítíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Irú gáàsì tó ń lò àti iye gíráàmù tó ń gbà wà níbẹ̀. R1234yf, gáàsì tuntun, wọ́n ju R134a, gáàsì àtijọ́, lọ dáadáa, ẹ má sì fi ọdún tí wọ́n ṣe mótò méfò: òfin European Union tó lé R134a kúrò nínú mótò èrò tuntun láti 2017 kò kan gbogbo bọ́ọ̀sì akẹ́rù, àwọn tó fúyẹ́ jù nìkan ló kàn.

Wọ́n wá tan án. Mo gbọ́ "kà!" nígbà tí compressor gbé, ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀ díẹ̀. (Àwọn compressor mìíràn kì í dún, ẹ má torí ìyẹn sá.) Mo rọra fọwọ́ kan páìpù méjì tó wọ inú ilé mótò, mo yẹra fún bẹ́líìtì: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, èyí tó nípọn tutù, ó ń làágùn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

A ti fèrèsé, mo ki tẹmómítà bọ ihò àárín, a wà á jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó ka 7°C. Ara mi ti ń yá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi, ìdúró ló pọ̀ jù níbẹ̀, ni mo bá ní ká dúró, ká má pa ẹ́ńjìnnì. Ó di 9. Ó di 13. Ìgbà tó fi máa di 18, ẹni tó ń tà á ti ń wo fèrèsé.

"Gáàsì ló kù díẹ̀," ó ní.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo iwájú: fáànù condenser ò yí rárá. Tí mótò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá dúró, ooru ò ríbi lọ. Mo ní kó tún fáànù ṣe, kó má rọ gáàsì kankan, n ó padà wá.

Kí n tó lọ, mo fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó ti dírẹ́bà. Ó gbẹ. Tó bá rin, tó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ, ihò tí omi evaporator ń gbà jáde ló dí. Atẹ́gùn AC bọ́ọ̀sì náà kì í fẹ́ ní ipò 1 sí 3, ó di 4 kó tó fẹ́. Ìyẹn ò le, resistor ni, ohun tó ń dín eré fáànù kù, mo fi já owó lulẹ̀.

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. A dúró fún 20 ìṣẹ́jú gbáko, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ìkankan nínú wa ò sọ̀rọ̀. 8. Ó ṣì jẹ́ 8. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, omi mímọ́ ń kán sílẹ̀, tó, tó, tó. Mo yọ owó.