Yíya fọ́tò omi Torc kó dà bí òwú

Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run ló dára jù láti ya omi Torc, tó ń já láti orí àpáta nítòsí Killarney ní Írẹ́lándì. Bí oòrùn bá ràn, ìfófòó omi á kàn funfun báláú ni.

Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/11 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe là tó). Bí kámẹ́rà bá ní 1/60 sẹ́kọ́ńdì ló tó kí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé, ẹ fi gíláàsì ND (gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) onístọ́ọ̀pù 6 bo lẹ́ńsì; stọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Àkókò náà yóò di nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 1. Bó bá pẹ́ jùyẹn lọ, omi á dà bí wàrà lásán, tèmi kọ́ nìyẹn. Ẹ lo táìmà sẹ́kọ́ńdì 2, kí ìka má baà mi kámẹ́rà.

Ọ̀tá gan-an ni omi tó ń ta sí lẹ́ńsì. Ẹ̀kán kan péré á hàn bí àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín fọ́tò. Ẹ nù ún kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì.