Akọ̀wé ìfẹ́ tí kò lè kọ tiẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún 16 ni. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣàwàdà, ó ní ìyàwó ẹ̀ ńkọ́. Ọmọ náà yínmú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ta ló ráyè ìyẹn? Owó ni gbogbo wọn ń wá.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ imú tó yín yẹn. Èmi gan-an ni mo ni ín lọ́dún 2003.

Òjé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, n'Ìbàdàn. Aṣọ òfì ni màámi ń tà: ẹtù, sányán, àlàárì, àti àwọn tó ń dán yinrin tí àwọn ìyàwó ìsinsìnyí fẹ́ràn. Ọjọ́ 16 síra wọn ni ọjà ńlá Òjé máa ń ná, ilẹ̀ kì í sì í tíì mọ́ tán tí àwọn tó ń hunṣọ fi máa ń gbé ẹrù wọn dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ tuntun nìkan ni màámi ń tà. Ó máa ń ra àlòkù náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọjà ò ná, obìnrin kan á yọ wọlé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lábẹ́ apá, á jókòó, á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé, lẹ́yìn náà á tú ọ̀rá náà. Aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀ ni. Ìró, bùbá, gèlè, ìborùn, gbogbo ẹ̀ á ṣì ká gérégé. Màámi á fọwọ́ pa á, á dá iye kan, àwọn méjèèjì á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi á wà lórí àpótí lẹ́yìn wọn, màá máa ṣe bíi pé ìwé ni mò ń kà.

Kí n tó pé ọmọ ọdún 15, aṣọ ìyàwó tí mo ti rí kó padà wá lé ní 40. Ìyẹn ni mo fi dájọ́ ayé. Mo ní ìfẹ́ ò jù kí wọ́n rán aṣọ kí wọ́n tún wá tà á. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó ládùúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń jó, èmi á kàn máa wo aṣọ ìyàwó, màá máa dá iye tó máa pa bó bá di àlòkù. Mo rò pé ojú mi ti là ju ti ẹgbẹ́ mi lọ.

Mo tún wá sọ ọ́ di òwò. GSM ti dé láti 2001 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé wo ló ní fóònù nígbà náà? Bí o bá lọ sábẹ́ agbòòrùn àwọn tó ń ta ìpè, odindi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, ì báà jẹ́ pé “Hẹ́lò” nìkan lo sọ tí ìpè fi já. Glo tó kọ́kọ́ ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá kò tíì dé, ìparí oṣù kẹjọ 2003 ló wọlé. Nítorí náà, lẹ́tà ṣì ni ọ̀nà tí ọmọkùnrin ń gbà bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀, èmi sì ni akọ̀wé. Náírà 20 fún ojú ìwé kan. Bí o bá fẹ́ kí n ya òdòdó sí igun ẹ̀, kí n sì wọ́n páúdà sí i kó lè máa ta sánsán, ó di 30. Gbólóhùn méje péré ni mo ní, tí mò ń pààrọ̀ bí ẹni ń ta ayò. Òṣùpá wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀, ọkàn tó ń lù bíi gángan náà wà níbẹ̀. Mo ta lẹ́tà kan náà fún ọmọkùnrin méjì rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láìmọ̀ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń kọ ọ́ sí. Wọ́n lé mi yí pápá ìṣeré po. Síbẹ̀ òwò ò dáwọ́ dúró. “Akọ̀wé” ni gbogbo wọn ń pè mí.

Ìgbà tí ìdánwò WAEC kù díẹ̀, a máa ń lọ sí lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ Ìsẹ́yìn wà. Ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ̀ ló ń gbé n'Ìbàdàn. Bàbá ẹ̀ ń hun aṣọ, ó sì wà lára àwọn tó ń gbé ẹrù wá fún màámi l'ọ́jọ́ ọjà. Àwọn ọmọkùnrin máa ń sín ohùn ẹ̀ jẹ torí ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Òkè-Ògùn. Mo mọ̀ ọ́n lójú, mi ò kà á sí.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà Yorùbá ń kọ́ wa ní àrokò. Ó ní bí ọkùnrin ayé ọjọ́un bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, ó ń wí pé ọkàn òun fà sí i. Bí obìnrin náà bá dá mẹ́jọ padà, ọkàn àwọn jọra nìyẹn. Mo nawọ́. Mo ní, “Sà, ṣé ẹ rí i pé owó ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀?” Kíláàsì dà rú fún ẹ̀rín. Ọmọ Ìsẹ́yìn ò tiẹ̀ yíjú wo mi. Ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ fowó ra obìnrin, ọ̀kẹ́ ló máa gbé wá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó ẹyọ mẹ́fà rà?” Ẹ̀rín tí wọ́n rín tẹ̀ lé ìyẹn ju tèmi lọ. Ọ̀kẹ́ kan, 20,000 owó ẹyọ ni. Ojú tì mí, èmi tí ojú kì í tì.

Ìgbà tí mo délé, mi ò bínú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Mo kàn ń gbọ́ ohùn yẹn ni, bó ṣe wó ọ̀rọ̀ mi palẹ̀ láìyíjú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi ń tètè dé lẹ́sìnnì, èmi tí wọ́n máa ń fi lẹ́gba nítorí ìpẹ́lẹ́yìn. Mo ń fọ aṣọ mi lálẹ́. Mo ń béèrè lọ́wọ́ màámi pé ọjọ́ mélòó ló kù tí ọjà á ná, bíi pé bàbá ẹ̀ ló wù mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí mọ ìyókù. Ohun tó dùn mí jù ni pé gbogbo irọ́ tí mo ti ń tà ní náírà 20 wá ń ṣẹ sí mi lára lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkàn mi ń lù bíi gángan lóòótọ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ dá owó àwọn oníbàárà mi padà.

Mo jókòó láti kọ lẹ́tà. Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Mo kọ òṣùpá, mo fà á ya. Mo kọ oyin, ó ń rùn bí ọ̀rọ̀ tí mo ti tà fún ẹlòmíràn. Ìwé méje ni mo bà jẹ́. Nígbà tó sú mi, mo ra TomTom mẹ́fà, mo dì í sínú ọ̀rá kékeré, mo sì fi sábẹ́ ìwé ẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde lọ mumi. Mi ò kọ ohunkóhun sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Mi ò lè jẹ ẹ̀bà tán. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ṣí ìwé ìṣirò mi, mo bá òwú pupa láàárín ẹ̀, òwú àlàárì tí wọ́n gé kéékèèké. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́jọ ni.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jọ ń rìn láti lẹ́sìnnì dé orí títì tó ti máa wọ ọkọ̀. Ẹ̀pà yíyan la máa ń jẹ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá sányán tòótọ́ mọ̀ sí ayédèrú, pé kí n fọwọ́ pa á kí n má kàn fojú wo àwọ̀ ẹ̀. Ọmọ aláṣọ òfì ni mí, n kò mọ̀. Kò sí nǹkan mìíràn láàárín wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀yin òbí tó ń kà á fọkàn balẹ̀.

Ibi tí mo ti bà á jẹ́ nìyí. Àwọn ọmọkùnrin dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, wọ́n ní ìwọ náà ti kó sí i o!” Mo lè dákẹ́. Mo lè rẹ́rìn-ín kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo ní láàárín wọn, orúkọ ẹni tí wọn ò lè rí mú ni, mo sì ti lo ọdún méjì láti kọ́ ọ. Mo yínmú. Mo ní, “Èmi kẹ̀? Ará oko yẹn? Mo kàn ń fi í ṣeré kí bàbá ẹ̀ lè máa dín owó aṣọ fún màámi ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ojú fèrèsé ni ọmọ Ìsẹ́yìn dúró sí, ó ń so okùn báàgì ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá ọ̀rá kékeré yẹn lórí àga mi. TomTom márùn-ún ló wà nínú ẹ̀.

Mo ti ronú lórí TomTom márùn-ún yẹn ju gbogbo ohun tí mo kà fún WAEC lọ. Ká ní mẹ́fà ló dá padà, ǹ bá sọ pé kò tiẹ̀ bìkítà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ ọ̀kan.

Màámi ló kíyè sí i. Kò pariwo. Ó kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún mi, ó dúró tì mí kí n jẹ ẹ́, ó wá ní, “Ta ni?” Mo ní kò sẹ́ni. Ó tún béèrè. Mo sọ gbogbo ẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ ọgbọ́n mi gbá a nídìí, pé ó ṣáà dáa bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ìyàwó á padà wá náà ni. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Lọ gbé ìwé ìtajà èṣí wá.” Ó ní kí n ka iye aṣọ ìyàwó tí òun tà lọ́dún 2002. Mo kà á: 93. Ó ní kí n ka èyí tó padà wá. Mẹ́fà ni, méjì nínú ẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn opó tó ń wá owó iléèwé ọmọ. Ó ní, “Àwọn tí tiwọn wà nínú àpótí, ṣé wọ́n á wá gbé e wá fi hàn ọ́ ni?”

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ nìyẹn, mo sì bá a jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní ẹjọ́ tó ń dá, ẹnu àwọn tí wọ́n já sílẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, àwọn tọ́rọ̀ dùn fún kì í pariwo ẹ̀. Mo tún ní bó bá di ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ ẹ̀ lálẹ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i níbi tó ti ń sẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kó dákẹ́ bí ojú bá ń tì í. Kò sẹ́ni tí ìdákẹ́ ṣe ní nǹkan. Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Màámi sọ ti oyún, ó sọ ti ìdánwò, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ṣùgbọ́n ó bu oúnjẹ ná. Ká ní igbe ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò bá má sọ nǹkan kan fún un títí dòní.

Òun náà ló ní kí n bẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà ti padà sí Ìsẹ́yìn láti ṣe ìdánwò tiẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kí n fi lẹ́tà rán ọ̀rẹ́ ẹ̀. Màámi kọ̀. Ó ní ní gbangba ni mo ti bú u. Nígbà tí ọjà ná, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹ̀ lójú gbogbo àwọn aláṣọ, mo ní, “Bàbá, mo fi ẹnu ṣẹ ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un.” Ìlà mẹ́ta ni mo kọ, ní Yorùbá, kò sí òṣùpá níbẹ̀: irọ́ ni mo pa, ìtìjú ló jẹ́ kí n pa á, jọ̀ọ́ má bínú. Bàbá náà wò mí títí ẹsẹ̀ mi fi ń gbọ̀n. Ó ṣí fìlà ẹ̀, ó fi lẹ́tà náà sínú ẹ̀, ó dé e padà, ó sì ń bá iye aṣọ ẹ̀ lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ wá fẹ́ ẹ nígbẹ̀yìn?” Ìyàwó mi gbé orí sókè látibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní rárá, a ò tún rí ara wa mọ́. Ó ní, “Kò dá yín lóhùn?”

Ọjọ́ 16 ni mo fi dúró. Bàbá náà tú ẹrù ẹ̀, ó ná ọjà ẹ̀ tán, ó ti ń di okùn kó tó ṣí fìlà. Ìwé kékeré kan ni, wọ́n ká a mẹ́rin. Ọmọ ẹ̀ kọ ọ́ pé: “Lẹ́tà ẹ dé. Èyí tí mo jẹ, ó dùn. Múra sí ìdánwò ẹ.”