Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: lẹ́yìn tí òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n bá ti bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ tán

Bí gbajúmọ̀ òṣèré bá fẹ́ bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run àti ilé, gbọ̀ngàn máa ń kún. Ojú tí èèyàn ń rí nínú pálọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méje ti di ojú ará ilé. Kirk Cameron ni mo sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1985 sí 1992 ló ṣe Mike Seaver, ọmọkùnrin aláìgbọràn inú eré Growing Pains ní Amẹ́ríkà. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún ló ti di onígbàgbọ́, òkìkí yẹn náà ló sì ń fi pe àwọn ọkọ àti baba padà sí ojúṣe wọn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àtẹ́wọ́ ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin á sunkún lálẹ́ Sátidé. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ohùn tó fi ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Òṣèré mọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ ohùn sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀tàn, àmọ́ orí tó wú kò tíì di ìwà.

Ohun tó wúlò jù lọ́wọ́ Cameron, ètò tó ṣe ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó sọ. Nínú fíìmù Fireproof tó jáde ní 2008, ibì kan wà tí ọkọ, tí Cameron ṣe, ti fẹnu ko ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Cameron ti pinnu pé òun kò ní fẹnu ko obìnrin mìíràn yàtọ̀ sí ìyàwó òun. Kò dúró dìgbà tí kámẹ́rà tàn kó tó máa bẹ Ọlọ́run fún agbára. Àwọn tó ń ya fíìmù náà ti gbọ́ ṣáájú, wọ́n mú Chelsea Noble, aya rẹ̀ gan-an, wá, wọ́n múra fún un bí òṣèrébìnrin tó ṣe ìyàwó nínú fíìmù náà, wọ́n sì yà wọ́n nínú òjìji. Ẹlòmíì lè ní àṣejù ni. Ẹ ṣáà wo bó ṣe tò ó: ó ti pinnu tẹ́lẹ̀, àwọn tọ́rọ̀ kàn ti mọ̀, ohun tí wọ́n máa fi dípò sì wà nílẹ̀. Ẹ̀jẹ́ tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yọ kúrò lára rẹ̀ kì í pẹ́ já.

“Mi ò ní bínú mọ́” kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Bí mo bá ti gbóhùn sókè, màá jáde síta fún ìṣẹ́jú 20, màá sì padà wá parí ọ̀rọ̀ náà ká tó sùn.” Ẹ sọ fún ìyàwó lọ́jọ́ tí kò sí ìjà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa rò pé ẹ gán òun ni. Jíjáde rọrùn fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Pípadà ni wọn kì í ṣe. Tó bá jẹ́ fóònù ló ń dààmú yín lóru, ẹ máa fi í síbi tó ti ń gba iná ní pálọ̀ láti aago mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ ra aago kékeré tó ń dún láti jí èèyàn, torí “àláàmù ni mo fẹ́ fi ṣe” ló máa ń dá fóònù padà sí yàrá.

Ọkùnrin mẹ́rin ló tó fún ẹgbẹ́ ìjíhìn, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ń jíhìn fún ara wọn nípa ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́. Bí ẹ bá pé mẹ́wàá, àwọn méjì ni yóò máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ méjì péré, ìrìn àjò ẹnì kan ti tú u ká. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìṣẹ́jú 75. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 12, kí ẹnì kan mú aago dání, kí ìyókù jẹ́ ti Bíbélì àti àdúrà. Ẹ má bi ara yín pé “Ilé ńkọ́?” “A dúpẹ́” ni ìdáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ẹ béèrè pé: “Ẹ̀ẹ̀melòó lo gbóhùn sókè? Ẹ̀ẹ̀melòó lo padà wọlé?” Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹgbẹ́ máa ń fọ́, torí ìtara ti tán, èso kò sì tíì yọ. Bí ẹnì kan kò bá wá, ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ka ẹsẹ Bíbélì dé ìdí. 1 Kọ́ríńtì 16:13, “ẹ ṣe bí ọkùnrin”, ni wọ́n máa ń kọ sára aṣọ ìpàdé. Ẹsẹ 14 tó tẹ̀ lé e ní kí a máa fi ìfẹ́ ṣe ohun gbogbo, n kò tíì rí i lára aṣọ kankan. Ní Éfésù 5, ẹsẹ 22 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fo 21 tó ní kí gbogbo wa tẹrí ba fún ara wa, wọ́n á sì sáré kọjá 25, níbi tí wọ́n ti ní kí ọkọ fẹ́ràn aya bí Kristi tó fi ara rẹ̀ lélẹ̀ fún ìjọ.

Ẹ má gba máàkì lọ́wọ́ ìyàwó. Nínú fíìmù tí mo mẹ́nu bà, ọjọ́ 40 ni ọkọ fi ń ṣe oore díẹ̀díẹ̀, ìyàwó sì kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Owó tí ọkọ ń tọ́jú láti fi ra ọkọ̀ ojú omi ló padà ná lórí bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́ aláìsàn fún ìyá ìyàwó, kò sì wí nǹkan kan. Ìyàwó ló fúnra rẹ̀ wádìí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń béèrè ní ọjọ́ karùn-ún pé “Ṣó o rí i pé mo ti yí padà?” ṣì ń ṣeré fún òǹwòran.

Bí ẹnì kan bá jẹ́wọ́ pé òun ń lu ìyàwó òun, ẹ̀jẹ́ àti àdúrà ẹgbẹ́ nìkan kò tó o. Ẹ má pe tọkọtaya jókòó pọ̀ láti parí ìjà fún wọn, torí obìnrin náà kò lè sọ òtítọ́ níwájú ẹni tó máa bá a délé. Kí obìnrin àgbà kan rí i lọ́tọ̀, kó béèrè bóyá ó níbi tó lè sùn láìséwu, kó bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà tàbí ọlọ́pàá tó bá fẹ́. Àṣírí ẹgbẹ́ kò bo èyí mọ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.